Ọ̀já Tí Fọlákẹ́ Fi Gwánjò Rán

Nígbà tí èmi náà wà lọ́mọge, tí ìbàdí mi ṣì ń gba bẹ́líìtì tẹ́ẹ́rẹ́… Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín, Tóbi? O rò pé báyìí ni ìyá mi ṣe bí mi, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́? Jókòó dáadáa, kí o sì gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Bí mo bá tún gbọ́ “To, Kaka” Haúsá yẹn lẹ́nu ẹ lónìí, màá fi ọ̀pá yìí kàn ẹ́ lórí. Ọmọ Yorùbá ni bàbá ẹ. Bí wọ́n tiẹ̀ bí ẹ sí Sábọ̀n Gàrí níbí, “Bẹ́ẹ̀ ni, Mà” ò le jù fún ẹ.

Ẹnìọlá, ìwọ lo fa ọ̀rọ̀ yìí, kò sẹ́lòmíràn. Ìwọ lo wọlé lánàá pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin aláwọ̀ ìyeyè, o ta á ní kókó mọ́ ìbàdí, síkẹ́ẹ̀tì elésè àlùkò wà nísàlẹ̀, fìlà òwú tí o fọwọ́ ara ẹ hun wà lórí. O ní, “Grandma, ẹ wo thrift mi.” Thrift kẹ̀? Gwánjò ni, ọmọ mi. Gwánjò là ń pè é ní Kánò níbí, òkìríkà làwọn ará Èkó ń pè é. Ẹ lè fọ̀ ọ́, kí ẹ fín lọ́fíńdà sí i, kí ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kí gbogbo ayé máa yìn yín lórí fóònù. Gwánjò náà ni.

O rí i pé mo dákẹ́. O rò pé mò ń bínú. Màmá ẹ náà rò bẹ́ẹ̀, ló fi ní kí o yára lọ bọ́ ọ. Mi ò bínú o. Aṣọ yẹn yẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo rí. Fọlákẹ́, ọmọ ìyá mi, ló dà bí ẹni tó ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún díẹ̀. Àgbàlagbà náà ń sunkún, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀.

Ẹ ò bá a láyé. Bàbá yín bá a láyé, ṣùgbọ́n ọmọdé ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí n tó gbàgbé, tàbí kí n tó lọ.

Ogun abẹ́lé ti parí nígbà tí mò ń wí yìí. Àwọn ọmọ Íbò ti padà dé Sábọ̀n Gàrí, wọ́n ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà yẹn làwọn ọkùnrin ń wọ ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbá ilẹ̀, bàtà gogoro lẹ́sẹ̀ wọn, irun kìjikìji lórí. Bàbá tiwa ti kú. Iṣẹ́ rélùwéè ló bá wá sí Kánò. Àkàrà àti ẹ̀kọ ni ìyá wa ń tà láàárọ̀ níwájú ilé. Fọlákẹ́ làgbà, èmi ni àbúrò. Ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́fà jù mí lọ, ṣùgbọ́n tó bá ń pàṣẹ fún mi, ẹ ó rò pé òun ló bí mi ni.

Tí wọ́n bá fẹ́ já bélì gwánjò lọ́jà, ẹ̀yin ọmọ yìí, ogun ni! Wọ́n á fi irin gé okùn ẹ̀, aṣọ á tú jáde, obìnrin á bọ́ sáàrin, ẹni tó lápá ló ń mú èyí tó dára. Mo rí i tí ìyàwó olùkọ́ kan bọ́ gèlè sọ́wọ́ kó lè ráyè jà. Fọlákẹ́ kì í bá wọn dù ú. Á dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, á káwọ́ gbera, á máa wò wọ́n. Tí wọ́n bá ti mú èyí tó dára tán, á wá bẹ̀rẹ̀, á máa ṣa èyí tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀: súwẹ́tà tó ya lápá, kọ́tìnì tó ti lu, ṣẹ́ẹ̀tì tí kò ní bọ́tìnnì. Ọmọ Íbò tó ń tà á á ní, “Sister, wetin you wan use this one do? Rag?” Á rẹ́rìn-ín. Àwọn yòókù ń wá aṣọ. Òun, àwọ̀ ló ń wá.

Tó bá délé, inú omi iyọ̀ ni yóò kọ́kọ́ rẹ wọ́n sí. Òfin ìyá wa nìyẹn. Ìyá wa á ní, “Rẹ ẹ́, kí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ padà sílé ẹ̀.” Nítorí ohun tí gbogbo wa gbà nígbà yẹn ni pé aṣọ òkú òyìnbó ni. A ò rí òyìnbó tí ń bọ́ aṣọ tó ṣì dára sílẹ̀ rí, àbí? Ta ni yóò ní irú súwẹ́tà bẹ́ẹ̀ tí yóò jù ú nù? A jẹ́ pé ó ti kú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe rò ó. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ Kánò kì í bèèrè lọ́wọ́ ẹni bóyá ẹni tó ni súwẹ́tà wà láyé. Gbogbo wa la ń wọ̀ ọ́.

Tí oòrùn bá ti gbẹ wọ́n, ó di títú. Súwẹ́tà ni mo fẹ́ràn jù. Fọlákẹ́ á wá ibi tí òwú ẹ̀ ti parí léjìká, á já a, á bẹ̀rẹ̀ sí fà á. Èmi á jókòó níwájú ẹ̀, agolo mílíìkì lọ́wọ́ mi, mo ń ká òwú mọ́ ọn. Súwẹ́tà á máa tú, á máa tú, títí yóò fi tán lójú wa. Ó ku òwú lásán, ó ká kò bí irun ọmọ tuntun. Òwú yẹn ló ń fi abẹ́rẹ́ oníkọ̀ọ́ hun: fìlà, báàgì, bàtà ọmọ jòjòló, ìbòrí àga. Kò sí pálọ̀ kan ládùúgbò wa nígbà yẹn tí iṣẹ́ Fọlákẹ́ ò sí lórí àga ẹ̀. Lónìí ẹ ń jókòó ti fóònù kí òyìnbó kan máa kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń hun nǹkan. Ta ló kọ́ Fọlákẹ́? Ó tú èyí tí òyìnbó hun, ó wo ọ̀nà tí òwú gbà, ó tún un gbà padà. Bó ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Ẹ̀ bá rí i tó bá múra! Kọ́tìnì ló fi rán síkẹ́ẹ̀tì. Ṣẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà ló gé apá ẹ̀, ó fi òwú pupa gbá etí ẹ̀ yíká. Yẹ́tí ẹ̀, bọ́tìnnì kóòtù ni. Á wọ ìyeyè mọ́ elésè àlùkò, á wọ pupa mọ́ àwọ̀ ewé, ohun tí àwa ò gbọdọ̀ dán wò, tó bá dé ara tiẹ̀ á bára mu. Ìyá wa á yọjú láti ìdí agbada àkàrà, á ní, “Fọlákẹ́, ta ló da ata sí ẹ lára?” Àwọn Haúsá tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá á ní, “Kai! Ga amarya!” pé ẹ wo ìyàwó. Á máa rìn lọ bí ẹni pé kò gbọ́, ṣùgbọ́n ọrùn ẹ̀ á gùn sí i.

Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló máa ń jọ gbogbo èèyàn. Àládùúrà ni wá. Funfun lẹ́sẹ̀ lásán. Á wọ sùtánà ẹ̀, á sì di ẹni jẹ́jẹ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni Délé ti rí i. Rédíò ló ń tún ṣe ní Nóman Láǹdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sábọ̀n Gàrí, ọmọkùnrin tó dákẹ́, ó mọṣẹ́ dáadáa. Ìjọ wa ni ìyá ẹ̀ ti ń sìn. Òun ni Ìyá Ìjọ. Ó ní búkà ní Nóman Láǹdì bákan náà, ìrẹsì àti ẹ̀wà pẹ̀lú dòdò, àwọn awakọ̀ tírélà kì í kọjá láìyà níbẹ̀. Ẹ gbọ́, mi ò ní parọ́ mọ́ obìnrin yẹn. Kò burú. Ó ń bọ́ àwọn tí ò lówó lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó ti bímọ, bímọ, wọ́n ń kú. Délé nìkan ló dúró. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, ẹ mọ̀ pé tó bá rí okùn, á sá.

Délé á wá sílé wa nírọ̀lẹ́, á ní rédíò ìyá wa ni òun wá wò. Rédíò tí ò ṣe nǹkan kan! Á jókòó. Tí iná bá lọ, á ní, “Fọlákẹ́, sún mọ́bí, aṣọ ẹ tó fi ríran.” Ẹ̀gbọ́n mi á sọ agolo òwú lù ú. Ká má parọ́, wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Mo fojú mi rí i.

Ó wá di pé ìyàwó ń lọ sílé ọkọ. Ẹ̀yin ọmọ òní, fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n lẹ mọ̀ tẹ́ ẹ bá gbọ́ ẹrù ìyàwó. Láyé tiwa, àwo wà níbẹ̀, ìkòkò wà níbẹ̀, aṣọ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí kò gbọdọ̀ ṣaláì sí níbẹ̀ ni ọ̀já. Ọ̀já tí wọ́n fi ń pọn ọmọ. Bó ti wù kí ilé ìyàwó tálákà tó, wọ́n á wá ọ̀já. Àdúrà ni. Wọ́n fi ń sọ pé ẹ̀yìn ọmọ wa ò ní ṣófo. Ìyá ìyàwó ló sì máa ń rà á.

Fọlákẹ́ ní kí ìyá wa má rà á. Ó ní òun máa rán tòun fúnra òun.

Ó pẹ́ lẹ́nu ẹ̀ ju gbogbo iṣẹ́ tó ṣe rí lọ. Gbogbo gwánjò tó fẹ́ràn ló gé kélekèle sí i. Àrán pupa láti ara kọ́tìnì. Àwọ̀ ewé láti ara kóòtù. Ìyeyè, búlúù, àwọ̀ ọsàn. Ó tò wọ́n mọ́ra, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì múlọ́múlọ́ tẹ́ inú ẹ̀ kí ó má bàa ha ọmọ lára. Ó hun òwú yí etí ẹ̀ ká. Ó wá so wajawaja òwú kéékèèké sí ìdí méjèèjì, kí ọmọ lè rí nǹkan fi ṣeré. Nígbà tó parí, ó dè é mọ́ra, ó gbé tìmùtìmù sẹ́yìn, ó ń jó káàkiri yàrá. Ìyá wa wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó wá ní, “Ó dára o, Fọlákẹ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n ra ọ̀kan kún un.” Fọlákẹ́ ní, “Màámi, kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?”

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń tú ẹrù nílé ọkọ, èmi ni mo tẹ̀ lé e. Àwọn obìnrin ilé pé jọ. Wọ́n ń mú nǹkan jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ṣàdúrà sí i. Wọ́n mú ọ̀já jáde, gbogbo ilé ké yèè! “Ó mà dára o! Ọ̀já ọba rèé!” Ìyá Ìjọ náà gbà á, ó fọwọ́ pa á, inú ẹ̀ dùn. Ó ní, “Níbo lẹ ti rí irú aṣọ báyìí?”

Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀. Ayọ̀ ló wà lójú ẹ̀. Ó ní, “Gwánjò ni, Mà. Èmi ni mo tò ó pọ̀.”

Ìyá Ìjọ sọ ọ̀já sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó lọ́wọ́. Kò pariwo. Ó rọra ní, “Fọlákẹ́, ẹni tó ni aṣọ yìí tẹ́lẹ̀, ṣé ó bọ́ ọ ni, àbí wọ́n bọ́ ọ lára ẹ̀?”

Ta ló mọ̀? Ẹnìkan tó wà níbẹ̀ ní àwa náà ń wọ gwánjò, ṣebí Ìyá Ìjọ fúnra ẹ̀, súwẹ́tà gwánjò ló máa ń wọ̀ nídìí ìkòkò tí ọyẹ́ bá dé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àgbà lòun, òun lè gbàdúrà bá òkú jà. Ọmọ ọwọ́ tí ò lẹ́nu ńkọ́? Ó ní, “Mo ti gbé ọmọ sin tó. Ọ̀já yìí ò gbọdọ̀ kan ẹ̀yìn ọmọ nílé yìí.”

Fọlákẹ́ kúnlẹ̀. “Mo gbọ́, Mà. Mi ò ní fi pọn ọmọ.” Ìyá Ìjọ gbé e dìde, ó gbá a mọ́ra. Ó lọ ra ọ̀já mìíràn fún un, funfun, tó ń dán. Ìgbéyàwó lọ ní wọ́ọ́rọ́. Ọ̀já tiẹ̀ wọ ìsàlẹ̀ àpótí lọ.

Wọ́n fún Délé àti Fọlákẹ́ ní yàrá kan nínú ilé Ìyá Ìjọ. Mo máa ń lọ síbẹ̀ tí a bá ti dé láti ilé ìwé. Kò pẹ́, Fọlákẹ́ lóyún, ó bí obìnrin. Ìyanu ni wọ́n sọ ọ́. Ah, ọmọ yẹn! Ojú ẹ̀ tóbi. Tó bá wò ẹ́, o máa rò pé o jẹ ẹ́ ní gbèsè ni.

Àsìkò tí ọyẹ́ ń wọlé la bí i. Ẹ̀yin náà mọ ọyẹ́ Kánò, ṣùgbọ́n tìgbà yẹn le ju èyí lọ. Ètè á bẹ́, omi inú kòkò á dà bí omi yìnyín. Ọ̀já funfun yẹn fẹ́lẹ́, ó sì ń yọ̀. Ọmọ á máa yọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa gba abẹ́ ẹ̀ wọlé, á máa ké. Á ké, á ké. Ọjọ́ kan báyìí, Ìyá Ìjọ ti lọ sí búkà, Fọlákẹ́ ṣí àpótí. Ó fi ọ̀já gwánjò pọn ọmọ. Ọmọ dákẹ́ wẹ́lo. Ó na ọwọ́, ó di wajawaja òwú mú, ó sùn.

Kí lẹ fẹ́ kí abiyamọ ṣe lẹ́yìn ìyẹn?

Ó di pé tí Ìyá Ìjọ bá ti jáde láàárọ̀, ọ̀já gwánjò. Tó bá ti kù díẹ̀ kó dé, ọ̀já funfun. Délé mọ̀. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi tó sọ pé, “Bó bá ti ń mú un sùn, kí ló tún kù?” Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o. Délé mọ̀.

Ọyẹ́ lọ, ooru dé. Èéyi dé pẹ̀lú ooru. Lónìí wọ́n á gún ọmọ yín lábẹ́rẹ́ sí i, ẹ ó sì tún máa ráhùn pé apá ń dùn ún. Láyé ìgbà yẹn, tí èéyi bá wọ àdúgbò, ilé dé ilé ló ń lọ. Ní Gwagwarwa, ní Nóman Láǹdì, ní ọ̀dọ̀ wa ní Sábọ̀n Gàrí. Haúsá, Íbò, Yorùbá, kò yan ẹnìkan. Làmí, ìyá Haúsá tó ń ta fúrà lẹ́nu ọ̀nà ilé Ìyá Ìjọ, ọmọ ọmọ ẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, Ìyanu bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Ojú ẹ̀ pọ́n. Ara ẹ̀ sú.

Mo sun ọ̀dọ̀ wọn mọ́jú ọjọ́ tí ara ọmọ wá le jù. Ọmọ ti bì sára ọ̀já funfun, a fọ̀ ọ́, ó wà lórí okùn, omi ń kán lára ẹ̀. Ara ọmọ gbóná bí ààrò. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa, Ìyá Ìjọ ti lọ dáná ní búkà, tí Fọlákẹ́ dìde pé ọsibítù yá. Ọ̀já gwánjò ló wà nítòsí, òun ló mú. Ta ló ń ronú àwọ̀ ọ̀já nírú àkókò yẹn? Ó fi pọn ọmọ, mo gbé báàgì tẹ̀ lé e.

Èrò kún ọsibítù. Ìyá lórí ìyá, ọmọ ń wúkọ́ káàkiri. Nígbà tó kàn wá, wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n ní kò sí bẹ́ẹ̀dì, ká máa fún un lómi, ká gbé e padà wá lọ́jọ́ kejì. A ò rí ọkọ̀. A ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ nínú oòrùn. Fọlákẹ́ ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. “Ìyanu mi, a ti fẹ́ẹ̀ délé. Ìyá àgbà ti se ẹ̀kọ fún ẹ. Má sunkún.” Ọmọ ò sì sunkún. Mo rò pé ó sùn ni.

Ìyá kan tó ń ta ọsàn lẹ́bàá ọ̀nà ké sí i, “Ìyá ọmọ! Orí ọmọ ẹ ti wọ́ o!” Ẹ mọ̀ pé bí Yorùbá ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i á kígbe sí ẹ. Fọlákẹ́ ní, “Ẹ ṣé, Mà.” Ó bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọmọ sókè díẹ̀, ó tún ọ̀já fún. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ lọ. Orí tún wọ́. Ó tún un ṣe… Ẹ fún mi lómi.

Ẹ ṣé.

Nígbà tí a délé, Ìyá Ìjọ ti padà láti búkà. Ara ẹ̀ ò balẹ̀, ló fi tètè dé. Àwọn obìnrin ilé wà níta. Fọlákẹ́ yí ẹ̀yìn sí wọn, ó ní kí wọ́n bá òun gbà á. Ìyá Ìjọ tú ọ̀já. Ọmọ bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó ti kú. Ọlọ́run ló mọ ibi tó kú sí lọ́nà.

Ẹ gbọ́ ohun tí Ìyá Ìjọ sọ. Kò ní, “Yéè, ọmọ mi.” Kò ní, “Fọlákẹ́, pẹ̀lẹ́.” Ó gbé ọmọ mọ́yà, ó wo ọ̀já tó wà nílẹ̀, ó ní, “Kí lo fi pọ̀n ọ́n?”

Fọlákẹ́ ò tíì mọ̀ pé ọmọ ti kú! Ó rò pé nítorí ọ̀já ni wọ́n ṣe ń bínú. Ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, funfun ò tíì gbẹ ni, funfun ò tíì gbẹ.” Wọ́n jẹ́ kó bẹ̀bẹ̀ títí. Èmi ni mo rí ojú ọmọ lápá Ìyá Ìjọ, tí mo figbe ta.

Délé dé láti ṣọ́ọ̀bù. Ìyá ẹ̀ ní, “Wo ohun tí ìyàwó ẹ fi pọn ọmọ.” Ó wò ó. Gbogbo ojú wà lára ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló kù kó sọ, pé òun náà mọ̀, pé àwọn jọ ń ṣe é ni. Ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn.

Ohun tí a máa ń sọ fún abiyamọ nílẹ̀ wa nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ ni pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ta ló sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi? Làmí nìkan. Làmí tó jẹ́ Haúsá, tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sin tiẹ̀. Ó fi igbá fúrà sílẹ̀, ó wọlé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í, ó ní, “Kyanda ce, ba kaya ba.” Èéyi ni, kì í ṣe aṣọ. Ó ń tún un sọ. Ó ní kí wọ́n wo ọmọ ọmọ òun, aṣọ tuntun ni ìyá ẹ̀ fi ń pọ̀n ọ́n. Fọlákẹ́ gbọ́ Haúsá ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ Haúsá lọ. Ó gbọ́ ọ. Kò wọ̀ ọ́ létí.

Ìyá wa wá mú un lọ sílé. Ẹnìkan ò lé e o. Ìyá Ìjọ ò ní kó lọ, àwọn àgbà ìjọ gbàdúrà, wọ́n ní kò sí ìjà. Délé wá nígbà kan, ó jókòó, ó wo rédíò, ó lọ. Nígbà tó yá, a gbọ́ pé ó fẹ́ ẹlòmíràn.

Fọlákẹ́ kó gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ jáde. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é. Síkẹ́ẹ̀tì, fìlà, báàgì, agolo òwú, gbogbo ẹ̀ ló kó sẹ́yìnkùnlé, ó wọ́n kẹrosíìnì sí i. Ìyá wa dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ìyá bíbí inú ẹ̀ ló dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀! Ó ní, “Màámi, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sílé wọn.” Ó ṣáná sí i. Òwú tí mo fọwọ́ mi ká, mo rí i tó ń jó.

Láti ọjọ́ yẹn, funfun. Ọjọ́ Ajé, funfun. Ọjọ́ Ẹtì, funfun. Ẹsẹ̀ lásán títí. Àwọn tí ò mọ̀ ọ́n rò pé wòlíì ni, wọ́n á wá kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀ pé kó gbàdúrà fáwọn. Ẹ̀rín mà ni à bá rín, tí kì í bá ṣe pé ẹkún ni. Nígbà tí mo lọ́kọ, mo mú un sọ́dọ̀. Nígbà tí mo bí bàbá yín, mo gbé e fún un pé, “Àǹtí mi, ọmọ yín rèé.” Ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ó ní, “Dúpẹ́, gbé e kúrò nítòsí mi. Ọwọ́ mi ò dára.”

Gbogbo ọmọ tí mo bí, kò gbé ọ̀kan. Á fọ aṣọ wọn. Á se oúnjẹ wọn. Tí wọ́n bá ń sunkún, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa kọrin fún wọn láti ibẹ̀. Kò ní wọlé. Ẹ bi bàbá yín léèrè, á sọ fún yín pé òun ní àǹtí kan tó máa ń kọrin lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tó ń dùn mí títí di òní, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ìyá Ìjọ. Kì í tiẹ̀ ṣe Délé, bó tiẹ̀ jẹ́ pé Ọlọ́run ń gbọ́ mi, mi ò tíì dárí jì í tán. Ohun tó ń dùn mí ni pé Fọlákẹ́ gbà á gbọ́. Nígbà tí àìsàn tó mú un lọ dé, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, “Dúpẹ́, ká ní mo dúró kí funfun gbẹ, ṣé ì bá yè?” Mo ní rárá. Mo búra fún un. Ó mi orí bí ẹni pé ọmọdé ló ń tan òun. Bó ṣe kú nìyẹn. Obìnrin tí mo mọ̀ tó mọ àwọ̀ jù láyé yìí kú sínú aṣọ funfun, ó kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun lòun pa ọmọ òun.

Ẹnìọlá, má sunkún mọ́. Lọ wọ aṣọ ẹ padà. Gbọ́, wọ̀ ọ́ dáadáa. Ayé ti yí, ẹ ò bèèrè mọ́ pé ta ló ni ín tẹ́lẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ká ní ayé yìí ni Fọlákẹ́ wá… hùn. Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ.

Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin méjèèjì gbọ́ èyí lẹ́nu mi. Ọmọ á máa kú o, Ọlọ́run má jẹ́ kó jẹ́ tiwa, ṣùgbọ́n á máa ṣẹlẹ̀ láyé. Ọjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnìkan lójú yín, ẹ má wá ẹ̀bi kiri ilẹ̀. Ẹ sáré di ìyá ọmọ mú. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, àgbàlagbà obìnrin kún àgbàlá yẹn, gbogbo wọn ti bímọ rí, ẹ̀gbọ́n mi wà lórí ìkúnlẹ̀ láàrin wọn, kò sì sí ẹni tó ń wò ó. Ọ̀já ni gbogbo wọn ń wò.